Bátìrì wo ni kí n rà fún sólà ilé wa ní Kubwa?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ti ń lo iná oòrùn nílé. Kubwa, ní Àbújá, ni èmi àti ìdílé mi ń gbé, a sì fẹ́ ṣe sólà tí yóò máa gbé fíríìjì, fáànù mẹ́ta, tẹlifíṣọ̀n àti àwọn gílóòbù láti ìrọ̀lẹ́ títí di àárọ̀. Ẹ̀rọ tó ń fa omi yóò máa ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án nìkan.

Ohun tí à ń lò lóru kò ju yúníìtì 3 (ìyẹn 3kWh) lọ. Oníṣẹ́ kan ní kí n ra bátìrì olómi mẹ́rin, 12V, 200Ah, nítorí pé owó rẹ̀ fúyẹ́. Òmíràn ní lithium 5kWh ló dára, nítorí pé a lè lo ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún agbára rẹ̀ láìpa á lára, nígbà tí ti olómi kò yẹ kó kọjá ìdajì. Tí a bá ṣírò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, olómi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò fún wa ní nǹkan bí yúníìtì 4.8, lithium yóò fún wa ní 4; méjèèjì ló tó wa.

Ooru ló ń kọ mí lóminú. Yàrá tí a fẹ́ kó bátìrì àti inverter sí kò ní àjà, páànù ló bò ó, bó bá sì di ọ̀sán oṣù Kẹta, èèyàn kò lè gbé ọwọ́ lé ògiri rẹ̀ pẹ́. Ṣé kí n kúkú kó wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàwó mi kò fẹ́ gbọ́ ariwo fáànù inverter? Ẹ̀yin tí ẹ ti lò ó kọjá ẹ̀ẹ̀rùn kan níbí, èwo ni ẹ yàn, báwo ni ẹ sì ṣe ń fọ eruku ọyẹ́ kúrò lójú pánẹ́ẹ̀lì lórí òrùlé?