Ojú ń rẹ̀ wá nídìí sónà, kí la lè ṣe?

Ọmọ Kàbbà: Ẹ̀yin ará, Lọ́kọ́jà la wà, à ń fi sónà, ẹ̀rọ tó ń fi ìró ya àwòrán abẹ́ omi, wo ìsàlẹ̀ odò Ọya, àwòrán yẹn kàn ń ṣàn wálẹ̀ lórí síkírínì látàárọ̀, tó bá yá ojú á ṣì wà níbẹ̀ àmọ́ ọpọlọ ò ní rí nǹkan kan mọ́. Ẹ gbà wá o.

Bàbá Gwàrìnpá: Ẹ máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara yín jàre. Láti 1948 ni Mackworth, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣe ẹ̀dá, ti fi hàn pé láàárín ìdajì wákàtí, ẹni tó ń ṣọ́ nǹkan á ti máa fo nǹkan.

Ìyá Ìbejì: Òótọ́ ni bàbá sọ. Ẹ tún dín àláàmù kù, èyí tó ń ké lásán ni kì í jẹ́ kéèyàn dá tòótọ́ lóhùn. Ẹni tó ń wo síkírínì ò gbọdọ̀ máa dáhùn rédíò ọkọ̀ pọ̀ mọ́ ọn.

Ọmọ Kàbbà: Ẹ ṣé gan-an mà. Ọ̀rọ̀ rédíò yẹn ni màá kọ́kọ́ bá ọ̀gá sọ.