Ẹsẹ̀ tó ń dunni láìṣubú: ẹ wá sọ tiyín

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo rí i pé àwọn kóòpà tuntun ti ń múra, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí ní káńpù NYSC, bí eegun ẹsẹ̀ mi ṣe sán torí wàhálà àṣejù, ohun tí wọ́n ń pè ní stress fracture. Ẹ mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ 3 ni, ìdájí ni sójà á ti fọn fèrè, ká máa sáré, ká máa ṣe páréèdì lórí ilẹ̀ tó le gbagidi, àwa tí a ti jókòó sílé látìgbà tí a ti jáde yunifásítì, bàtà kánfáàsì náà ò nípọn. Kò pẹ́ tí orí ẹsẹ̀ mi ọ̀tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, mi ò ṣubú, mi ò fi gbá nǹkan kan. Tí mo bá jókòó á rọlẹ̀, kí n ṣáà dìde sí páréèdì, ó tún ti dé nìyẹn. Wọ́n ní àárẹ̀ ni, kí n fi róbù ra á. Àmọ́ ojú kan ṣoṣo ló ti ń dùn mí, mo lè fi ìka kan tọ́ka sí i, tí mo bá tẹ̀ ẹ́ omi á bọ́ lójú mi. X-ray àkọ́kọ́ ò fi nǹkan kan hàn. Ìgbà tí mo kúrò ní káńpù tí wọ́n tún un yà ni ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ibi tó ti sán hàn lára eegun gígùn tó lọ sí ìka kejì. Dókítà ní ti àwọn sójà ni látijọ́, ní 1855 ni dókítà ológun kan ní Prussia, ilẹ̀ ọba kan láàárín àwọn Jámánì nígbà yẹn, Breithaupt lorúkọ ẹ̀, ti kọ̀wé nípa ẹsẹ̀ wọn tó ń wú torí ìrìn. Dókítà mi ní eegun máa ń tún ara ẹ̀ ṣe, àmọ́ tí wàhálà bá ṣàdédé pọ̀, àtúnṣe ò ní lè bá ìbàjẹ́ mọ́.

Àǹtí, ẹ ṣeun gan-an. Tèmi, eré Marathon Lagos ni mo ń múra fún, lórí títì ọlọ́dà, mo kàn ń fi kìlómítà kún kìlómítà. Àárín ẹsẹ̀ lókè, lápá inú ló ti ń dùn mí, navicular ni wọ́n pe eegun yẹn. Ó le ju tiyín lọ o, torí ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé àárín ẹ̀, kì í tètè jinná. Wọ́n dì í, wọ́n ní ẹsẹ̀ yẹn ò gbọdọ̀ kanlẹ̀ rárá, ọ̀pá ni mo fi ń rìn. X-ray ò rí i, MRI, ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara, ló rí i, owó ẹ̀ sì ga.

Ẹ kú ìrora o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń sáré nílé ìwé, gìgísẹ̀ ni tiẹ̀, tí wọ́n bá fọwọ́ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì á ké tòò. Oúnjẹ àti nǹkan oṣù ni dókítà kọ́kọ́ bi í, ó yà wá lẹ́nu, àṣé kì í jẹun tó torí kó lè fúyẹ́, nǹkan oṣù ẹ̀ ti dáwọ́ dúró, ìyẹn ló ń sọ eegun ẹ̀ di aláìlágbára. Ìyá wa fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa fọwọ́ fà á, mo yarí. Àǹtí, ìgbà wo ni tiyín wá jinná?

Dókítà ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, bó ṣe rí náà nìyẹn, bàtà tó le nísàlẹ̀ ni mo ń wọ̀. Ẹ̀yin tó ń lọ, ẹ ti máa rìn díẹ̀díẹ̀ láti ìsinsìnyí, tójú kan bá ti ń dùn yín lẹ́sẹ̀, ẹ kọrí sí kíníìkì káńpù, ẹ má dúró de ọjọ́ àṣekágbá.