Ínsúlínì tó ń bá mi jà lóru, àti bí wọ́n ṣe pààrọ̀ rẹ̀ fún mi ní Òṣogbo

Àwọn èèyàn máa ń bi mí bóyá dókítà lè pààrọ̀ ínsúlínì, abẹ́rẹ́ tí àwa alátọ̀gbẹ fi ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni o, dókítà lè pààrọ̀ irú tí ẹ ń gún bí ó bá ń dà yín láàmú. Mo fẹ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí mi, nítorí mo mọ àwọn èèyàn ládùúgbò wa tí wọ́n pa abẹ́rẹ́ tì pátápátá torí pé irú kan ṣoṣo bá wọn jà, tí wọ́n wá lọ jókòó ti àgbo.

Iṣẹ́ àdìrẹ ni mò ń ṣe ní ìhà Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ó ti pẹ́ tí mo ti ní àtọ̀gbẹ, irú kejì, èyí tó sábà máa ń mú àgbàlagbà. Oògùn oníhóró ni mo kọ́kọ́ ń lò. Nígbà tí kò ká a mọ́, wọ́n gbé mi sí ínsúlínì àdàpọ̀, èyí tí wọ́n máa ń kọ 30/70 sí lára, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́: kí n tó jẹun àárọ̀ àti kí n tó jẹun alẹ́.

Lọ́sàn-án, kò sí wàhálà. Òru ni ìjà wà. Mo máa ń ta jí lójijì, aṣọ ìbora á ti tutù rinrin fún òógùn, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n, àyà mi á máa lù kì-kì-kì, àlá burúkú á sì ti dẹ́rù bà mí. Bílẹ̀ bá mọ́, orí á máa fọ́ mi títí di ọ̀sán. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nílé Yorùbá bí èèyàn bá ń lá irú àlá bẹ́ẹ̀. Àǹtí ọkọ mi ní ogun òru ni, wọ́n ní kí n má ṣe sùn láìka Sáàmù. Mo ń gbàdúrà, n kò sì ní yéé gbàdúrà. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó ń rí sí wa ní kí n gbé ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kí n wọ̀n ọ́n bí mo bá ti ta jí bẹ́ẹ̀, kí n kọ aago sílẹ̀, kí n kọ iye tó jẹ́, kí n sì kọ ohun tí mo jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Aago méjì ààbọ̀ òru, 52 ni mo rí (mg/dL ni ẹ̀rọ mi fi ń kà á). Òru mìíràn, 58. Bí kò bá ti tó 70, ṣúgà ti lọ sílẹ̀ jù nìyẹn. Bí kò bá tó 54, ọ̀rọ̀ ti di ewu. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé kí a tètè mu ṣúgà tó tó gíráàmù 15, bíi ṣíbí tíì mẹ́ta sí mẹ́rin tí a pò mọ́ omi, tàbí ìdajì ife mínírà tó ní ṣúgà nínú, kí a dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí a tún wọ̀n ọ́n. Ẹ̀bà kọ́ lẹ máa sáré lọ rò nírú àkókò yẹn o, kò lè yára wọ ẹ̀jẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹni náà ò bá sì mọ ibi tó wà mọ́, ẹ má da nǹkan kan sí i lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Ìwé tí mo kọ yẹn ni mo gbé síwájú dókítà. Ó kà á, ó bi mí pé aago mélòó ni mò ń gún ti alẹ́. Mo ní aago méje. Ó wá ṣàlàyé fún mi pé oríṣi méjì ló wà nínú ìgò kan ṣoṣo yẹn. Ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ èyí tó ń tètè ṣiṣẹ́, tó ń kojú oúnjẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ. Ìdá 70 tó kù jẹ́ èyí tó ń lọ́ra, tí wọ́n ń pè ní NPH. NPH kì í ṣiṣẹ́ dọ́gba dọ́gba. Láàárín wákàtí mẹ́rin sí méjìlá lẹ́yìn tí a bá gún un ni agbára rẹ̀ máa ń le jù. Ẹ kà á láti aago méje alẹ́: aago mọ́kànlá ló ti ń gbérí, ààjìn ló ń le, nígbà tí ẹ̀kọ tí mo jẹ lálẹ́ ti dà tán. Agbára oògùn ń dé, kò bá oúnjẹ nílé. Gbogbo ogun òru náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

N kò bú NPH o. Láti ọdún 1950 ló ti wà lọ́jà. Hagedorn, ará Dẹ́ńmáàkì, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi protamine tí wọ́n ń yọ lára ẹja pò ó kó lè máa lọ́ra nínú ara. Ó ti gba ẹ̀mí èèyàn là káàkiri ayé, ó sì ń gbà á títí dòní. Èmi ni kò bá ara mi mu.

Dókítà gbé mi sí glargine ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, pẹ̀lú èyí tó ń tètè ṣiṣẹ́ kí n tó jẹun. Glargine kì í ru sókè bíi NPH, ó ń rọra ṣiṣẹ́ fún bíi wákàtí 24. Iye tí mò ń gún tẹ́lẹ̀ kọ́ ló kọ fún mi. Ó ṣírò NPH tó ń wọ ara mi lóòjọ́, ó yọ ìdá kan nínú márùn-ún kúrò. Ìdí nìyí tí àyà mi fi ń já bí mo bá gbọ́ pé ẹnìkan gba ínsúlínì lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀, tó sì gún iye tó mọ́ ọn lára. Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má dán an wò.

Àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò rọrùn. Ṣúgà àárọ̀ mi kọjá 200, ẹ̀rù bà mí. Wọ́n ní kí n fara balẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi kún un, yúníìtì méjì méjì, títí tí ti àárọ̀ fi wà láàárín 80 sí 130. Ó máa ń ta díẹ̀ lójú ibi tí mo bá gún, torí omi inú ìgò náà kan, ṣùgbọ́n kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ oorun tí mò ń sùn báyìí.

Ibì kan wà tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra gidi. Àdàpọ̀ tí mò ń lò tẹ́lẹ̀ funfun, mo ní láti máa yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ kí n tó fà á. Méjèèjì tí mò ń lò báyìí mọ́ gaara. Bí èèyàn bá ṣi ìgò mú lálẹ́, tó wá gún iye tó yẹ kó jẹ́ ti glargine lára èyí tó ń tètè ṣiṣẹ́, ó lè mú ẹ̀mí lọ. Mo so òwú aláró mọ́ ọrùn ìgò glargine. Bí iná ò bá tiẹ̀ sí, ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n. Wọn kì í sì í fa glargine àti ínsúlínì mìíràn sínú sírínjì kan náà.

Ní ti iná, ẹ mọ bó ṣe ń ṣe wá. Èyí tí mo ti ṣí lè wà níta fún ọjọ́ 28, bí ooru ibẹ̀ kò bá kọjá ìwọ̀n 30°C. Láàárín oṣù kejì sí ìkẹta, ilé onípáànù máa ń gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkòkò amọ̀ méjì ni mo ń lò, ọ̀kan nínú ọ̀kan, yanrìn tútù láàárín wọn, ínsúlínì wà nínú ọ̀rá kí omi má kàn án. Àwọn tí mi ò tíì ṣí ń bẹ nínú fìríìjì kẹ́mísì tí mo ti rà á. Èyí tó bá fi lè dì bíi yìnyín, ẹ dà á nù.

Owó rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa, mi ò ní tàn yín. Bí agbára yín ò bá ká a, ẹ sọ fún dókítà láìtijú. Wọ́n lè dín ti alẹ́ kù, tàbí kí wọ́n ya NPH sọ́tọ̀ kí ẹ máa gún un nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn dípò ìrọ̀lẹ́, kí agbára rẹ̀ lè dé lówùúrọ̀. Ọ̀nà pọ̀ ju kí a pa abẹ́rẹ́ tì lọ.

*Bàbá olùkọ́, Òkè-Fìà:*

Ẹ kú iṣẹ́, ọmọ mi. Tèmi yàtọ̀. Ṣúgà mi á lọ sókè lónìí, á já wálẹ̀ lọ́la, oúnjẹ kan náà, iye kan náà. Wọ́n ti fẹ́ pààrọ̀ ínsúlínì fún mi kí nọ́ọ̀sì kan tó ní kí n dùbúlẹ̀, tó fọwọ́ tẹ ikùn mi. Ó bá ibi méjì tó le, tó yọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo. Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi máa ń lọ, torí abẹ́rẹ́ kì í dùn níbẹ̀ mọ́. Ọ̀rá ló gbá jọ síbẹ̀, ínsúlínì kì í sì í gba inú rẹ̀ wọlé bó ṣe yẹ. Wọ́n ní kí n máa yí ojú ibi tí mò ń gún ká: ikùn, itan, apá. Wọ́n dín iye rẹ̀ kù lọ́jọ́ náà gan-an, torí lójú ibi tó dáa, gbogbo rẹ̀ ló ń wọlé. Ínsúlínì àtijọ́ náà ni mo ṣì ń lò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ ikùn yín wò kí ẹ tó náwó.

*Ìyá ọmọ ilé ìwé, Ayétòrò:*

Ọmọkùnrin mi ló ní àtọ̀gbẹ irú kìíní, èyí tí ara kì í fi í ṣe ínsúlínì tirẹ̀ mọ́. Ibi tó bá gún máa ń pọ́n, á wú, á máa yún un títí di ọjọ́ kejì. Dókítà sọ pé ó lè má jẹ́ ínsúlínì fúnra rẹ̀ ni ara ọmọ ń kọ̀, pé ó lè jẹ́ protamine tàbí oògùn tí wọ́n fi ń pa á mọ́ kó má bàjẹ́. Wọ́n gbé e sí òmíràn tí kò ní protamine, ó sì lọ. Ní gbogbo àkókò yẹn, a ò jẹ́ kó fo abẹ́rẹ́ kankan. Irú kìíní kì í dúró deni.

*Alhájà, Olú-Òde:*

Ẹ jọ̀ọ́, àdàpọ̀ 30/70 lèmi náà ń gún. Ààwẹ̀ Ràmàdáánì ńkọ́? Bí mo bá gún ti àárọ̀ ní sààrì, ọ̀sán kì í gbà mí.

*Aládìrẹ:*

Alhájà wa, ẹ má dúró di ìgbà tí oṣù bá lé. Ẹ lọ rí dókítà ní bí oṣù méjì ṣáájú, kí ẹ sì mú àkọsílẹ̀ yín dání. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gún irú tiyín, ìṣínu ni wọ́n gbé èyí tó pọ̀ sí, wọ́n wá dín ti sààrì kù gan-an. Àwọn àáfà àti dókítà ní wíwọn ṣúgà kì í ba ààwẹ̀ jẹ́, nítorí náà ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́sàn-án. Bí kò bá ti tó 70, ẹ ṣínu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ san án padà lọ́jọ́ mìíràn.