Iná ABS ò kú mọ́ látìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ shaft mọ́tò mi

Ìyá Ìbejì Parakin:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa mọ́tò. Corolla 2005 ni mò ń wà, òun ni mo fi ń ti Ifẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Iléṣà. Tí mo bá yí sítíárìn dópin láti wọ ilé, ẹsẹ̀ iwájú lọ́wọ́ òsì máa ń dún kà-kà-kà. Mẹkáníìkì ní shaft ni, irin tó ń gbé agbára láti inú gíà dé taya, ó ra Tòkunbọ̀, ó gbé e wọlé. Ariwo tán lóòótọ́, àmọ́ ọjọ́ náà gan-an ni iná yẹ́lò tí wọ́n kọ ABS sí (ẹ̀rọ bíréèkì tí kì í jẹ́ kí taya dì) bẹ̀rẹ̀ sí í tàn.

Bó ṣe ń ṣe rèé: tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, á tàn, á sì kú bíi tàwọn yòókù. Kí n tó dé títì báyìí, ó ti tàn padà, kò ní kú mọ́ títí màá fi pa ẹ́ńjìnnì. Bíréèkì ń mú dáadáa. Mẹkáníìkì ní pọ́ńpù ABS ló kú, kí n lọ wá owó. Rẹ́wáyà kan tó wà nítòsí rẹ̀ ní kí n má wulẹ̀ náwó, òun á bá mi yọ gílóòbù rẹ̀. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn? Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ẹ sì mọ bí ọ̀nà Òṣù ṣe máa ń yọ̀.

Ọmọ Mọ̀dákẹ́kẹ́:
Àǹtí, ẹ jẹ́ kó yọ ọ́ jàre. Tèmi ti ń tàn tipẹ́, mo ń fi lọ Ìbàdàn, mo ń fi bọ̀. Ṣé àwọn mọ́tò tí bàbá wa wà ní ABS ni?

Rẹ́wáyà Láàgèrè:
Àbúrò, gílóòbù kọ́ ló ń ṣàìsàn. Àwọn rẹ́wáyà tó ń yọ gílóòbù yìí ló ń bà wá lórúkọ jẹ́. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń so ó mọ́ iná ọ́ìlì kí méjèèjì lè jọ máa kú, ẹni tó bá ra mọ́tò náà lọ́wọ́ yín ni yóò jìyà rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, ẹ má gbọ́ ti ìkankan nínú wọn. Ohun tẹ́ ẹ kọ yẹn ti tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Tó bá jẹ́ wáyà ló já, tàbí sẹ́ńsọ̀ tó ń ka bí taya ṣe ń yí ló jó, kò ní dúró kí mọ́tò gbéra kó tó sọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà ABS máa ń yẹ wáyà wò gbàrà tẹ́ ẹ bá ti yí kọ́kọ́rọ́, iná ò sì ní kú rárá. Tiyín kú ná, ó wá tàn nígbà tí taya ń yí. Wáyà pé nìyẹn. Taya mẹ́ta ń sọ fún un pé àwọn ń yí, ìkan dákẹ́.

Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ wo ibòmíràn ju shaft yẹn lọ. Lórí Corolla yín, níbi tí shaft ti wọ inú hub, ìyẹn ibi tí wọ́n ń de taya mọ́, òrùka irin kan wà tó ní eyín yíká. Eyín yẹn ni sẹ́ńsọ̀ ń kà. Ọ̀pọ̀ Corolla ọdún yẹn tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ni kò ní ABS, torí ẹni tó bá fẹ́ ẹ ló ń sanwó lé e. Shaft tiwọn kò ní eyín. Yóò wọlé wẹ́kú, ariwo á tán, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ àfi ABS.

Ẹ kọ́kọ́ ka kóòdù ṣá, nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ ibi tó bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ sítíárìn yẹn, ti ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń kà. Ẹ ò tiẹ̀ nílò rẹ̀. Níbi tí wọ́n ń kì í bọ̀ lábẹ́ sítíárìn yẹn, àwọn ihò kéékèèké tó ní nọ́ńbà wà; ẹ fi wáyà tínńrín so ihò 4 pọ̀ mọ́ ihò 13 níbẹ̀, kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láìta ẹ́ńjìnnì. Iná ABS á máa ṣẹ́jú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kó sinmi díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì: 32 nìyẹn, iwájú lọ́wọ́ òsì. 31 ni iwájú ọ̀tún, 33 ni ẹ̀yìn ọ̀tún, 34 ni ẹ̀yìn òsì. Wáyà yẹn ò gbọdọ̀ kan ihò 16 o, ibẹ̀ ni iná bátìrì wà.

Tó bá jẹ́ 32, kí wọ́n fi jáàkì gbé e, kí wọ́n yọ taya, kí wọ́n tú sẹ́ńsọ̀. Bóòtù kan ló mú un. Tó bá ti dípẹtà mọ́bẹ̀, kí wọ́n fi ọ́ìlì rẹ ẹ́, kí wọ́n má fi òòlù lù ú. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò náà, kẹ́nì kan yí hub. Eyín gbọ́dọ̀ máa kọjá. Tó bá jẹ́ irin dídán lásán lẹ rí, ẹ ti rí i nìyẹn.

Ẹ ṣì lè máa wà á, àmọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì nínú òjò, taya lè dì kó máa yọ̀ lọ, sítíárìn ò sì ní gbọ́ràn. Tí iná bíréèkì pupa bá tàn mọ́ ti yẹ́lò yìí, ẹ páàkì.

Ọmọ Ọbòkun:
Kí n fi kún un: ẹ tètè gba shaft àtijọ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì kí àwọn tó ń ra irin àlòkù tó kó o. Wọ́n lè yọ òrùka eyín rẹ̀ gbé sórí tuntun, bí ìwọ̀n bá bára mu. Bí kò bá bára mu, ẹ ka eyín rẹ̀, òun lẹ máa fi yan òmíràn lọ́jà.

Ìyá Ìbejì Parakin:
32 ni o! A tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀, irin dídán gbọọrọ. Mẹkáníìkì kò sọ̀rọ̀ pọ́ńpù mọ́. Òrùka ti àtijọ́ kò wọ orí tuntun, la bá gbé méjèèjì lọ bá ẹni tó tà á. Ó pààrọ̀ rẹ̀, mo fowó díẹ̀ lé e. Iná náà ti kú, mo lọ Iléṣà mo bọ̀, kò yọjú. Àmọ́ kóòdù 32 ṣì ń ṣẹ́jú tí mo bá so wáyà yẹn.

Rẹ́wáyà Láàgèrè:
Ti àtẹ̀yìnwá ló ṣì wà nínú ọpọlọ rẹ̀. Pẹ̀lú wáyà yẹn níbẹ̀, tí kọ́kọ́rọ́ sì wà ní ṣíṣí, ẹ tẹ bíréèkì ní kíákíá lẹ́ẹ̀mẹ́jọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5, yóò pa á rẹ́. Ohun kan tó kù: wọ́n ti fa shaft jáde nínú gíà lẹ́ẹ̀mejì báyìí, ọ́ìlì gíà á sì ti dà díẹ̀ ní ìgbàkigbà tí wọ́n fà á. Bó bá jẹ́ ọtọmátíìkì, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kó máa ṣiṣẹ́ lọ, kí ẹ fa ọ̀pá ìwọ̀n rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó tún gbé e lọ Iléṣà. Ọ́ìlì gíà tó ń jẹ́ T-IV ni wọ́n ń bù sí i, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bu èyí tó bá wà nílẹ̀.