Ohun tí ojú wa ń rí lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ní rrh

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Òjò ti ń rọ̀, máńgòrò ti kún ìgboro, ìkìlọ̀ nípa ìgbẹ́ gbuuru sì ti gun pátákó kíláàsì. Diarrhoea ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ẹ ṣí ìwé àwọn ọmọ wò: diarhea, diarhoea, diarrohea. Lẹ́tà 9 ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Etí ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń bàjẹ́. Òyìnbó pàápàá kì í pe h yẹn jáde. Èdè tiwa náà kì í to kọ́ńsónáǹtì léra báyẹn. Gb la ní, ìró kan ṣoṣo sì ni. R kan ti tó ọmọ Yorùbá.

Gíríìkì ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti wá. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó bá fi r bẹ̀rẹ̀, tó sì wọ inú Gẹ̀ẹ́sì, h ló ń tẹ̀lé r náà: rheumatism, rhythm, rhinoceros. Bí nǹkan mìíràn bá wá ṣíwájú rẹ̀, tí nǹkan náà sì parí sí fáwẹ̀lì, r á di méjì, h á dúró sí àyè rẹ̀. Ẹ mú a, tó túmọ̀ sí “kò sí”, ẹ fi síwájú rhythm, kí ẹ wá fi ia kádìí rẹ̀: arrhythmia, ìyẹn ni kí ọkàn máa lù ségesège. Bí ẹni tó mọ ẹran kun ni kí ọmọ ṣe é. Oríkèé ni kó wá, kó má fi ọ̀bẹ lu eegun. Dia, rrh, oea: ọ̀nà mẹ́ta.

Nọ́ọ̀sì, Ọ̀yọ́

Ẹ ṣeun, ọ̀gá olùkọ́. Kí n fi ìtumọ̀ kún un, torí òun ló ń jẹ́ kó dúró lọ́pọlọ.

Rrhoea, ìṣàn ni. Dia ni “kọjá”, nítorí náà diarrhoea ni ohun tó ń ṣàn gba inú kọjá. Gonorrhoea ni àtọ̀sí. Gono jẹ́ irúgbìn, torí àwọn Gíríìkì àtijọ́ rò pé àtọ̀ ló ń dà jáde, wọn kò mọ̀ pé ọyún ni. Catarrh ni ìṣàn tó ń wálẹ̀, lẹ́tà 7 péré, síbẹ̀ a ń rí catarh àti cattarh lójoojúmọ́. Haemorrhoids ní lẹ́tà 12: haem ni ẹ̀jẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú ní ojú ihò ìdí ni. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe gbogbo ohun tí ará ilé ń pè ní jẹ̀díjẹ̀dí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí inú ń run tàbí tí ẹ̀yìn ń ro lè sọ pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, kí iṣan kankan má sì wú níbẹ̀. Ẹ má sáré kọ haemorrhoids sínú fáìlì rẹ̀.

Rrhage àti rrhagia yàtọ̀ sí rrhoea, ibí yìí ni kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Bíbẹ́ ni wọ́n, bí ìgbà tí páìpù omi bẹ́. Haemorrhage, lẹ́tà 11, ni ẹ̀jẹ̀ tó bẹ́ tó ń dà. Ẹ wá wo àwọn tó ní meno, tó jẹ́ oṣù. Dysmenorrhoea, lẹ́tà 13, ni nǹkan oṣù tó ń dun obìnrin. Amenorrhoea ni kí obìnrin má rí nǹkan oṣù rárá. Menorrhagia ni kó máa dà ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́tà 11 ni amenorrhoea, 11 náà ni menorrhagia, wọ́n jọra lójú ẹni tó ń kánjú, ṣùgbọ́n ọ̀kan kò ní ẹ̀jẹ̀, èkejì ní àpọ̀jù rẹ̀. Ẹ wo a tó wà níwájú, kí ẹ sì wo ìdí ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ tó gbé bírò.

Atẹ̀wé, ìtòsí Ọjà Akẹ̀sán

Ẹ̀yin àgbà mi, kọ̀ǹpútà náà ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ kọ diarrhoea dáadáa, ó fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ á sì yọ o kúrò. Sípẹ́lì Amẹ́ríkà ló wà lórí rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ diarrhea àti hemorrhage. Nínú Word, ẹ tẹ Ctrl àti A pa pọ̀, ẹ lọ sí Review, Language, Set Proofing Language, kí ẹ mú ti United Kingdom. Tí ẹ kò bá tẹ Ctrl àti A ṣáájú, ibi tí ẹ dúró sí nìkan ló lè yí padà. Bí àmì bá wà nínú àpótí Do not check spelling or grammar, ẹ yọ ọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní fa ìlà sábẹ́ àṣìṣe kankan.

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Ògbómọ̀ṣọ́

O ṣeun, àbúrò. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ọmọ sílẹ̀ fún ìdíje sípẹ́lì, ẹ fún un ní rhinorrhoea. Rhin ni imú. Imú tó ń ṣàn ni. Rh wà níwájú, rrh wà láàárín, òfin náà sì hàn kedere nínú ọ̀rọ̀ kan. Kó kọ ọ́, kó bò ó, kó tún un kọ, kó wá ka lẹ́tà rẹ̀: 11. Márùn-ún lóòjọ́ ti tó. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ wọ́n á dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Biorhythm kò tẹ̀lé òfin náà, r kan ni, torí Gẹ̀ẹ́sì òde òní ló so ó pọ̀. Cirrhosis kì í ṣe ìṣàn rárá: Laennec, dókítà ará Faransé, ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1819, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún àwọ̀ rúsúrúsú, torí bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ tó ti le ṣe rí lójú rẹ̀. Myrrh náà kò bá wọn tan. Òun ni òjíá tí àwọn amòye gbé wá pẹ̀lú wúrà àti tùràrí, ìkorò sì ni orísun orúkọ rẹ̀.