Dọ́là Morgan 1893: ṣé wọn ò lẹ "S" mọ́ ọn?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ owó fàdákà Amẹ́ríkà dáadáa, ẹ gbà mí o. "S", àmì ilé ìrọwó San Francisco, wà lábẹ́ ẹyẹ idì tó wà lẹ́yìn owó mi yìí. Ó wọn gíráàmù 26.7, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 38.1, mágínẹ́ẹ̀tì ò sì fà á. Ìyẹn ò tó ẹ̀rí: 100,000 péré ni San Francisco rọ lọ́dún náà, làwọn oníjìbìtì bá ń lẹ "S" mọ́ ojúlówó ti Philadelphia, tí kò ní àmì kankan. Mo fi awò wo orí T inú ọ̀rọ̀ LIBERTY tó wà níwájú owó náà, mo rí ìlà tín-ín-rín tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́ níbẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí lára ojúlówó ti San Francisco. Àmọ́ nǹkan dúdú kan yí ìdí "S" ká. Ṣé ìdọ̀tí ni, àbí ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́? Mi ò ní fọ̀ ọ́, kí iye rẹ̀ má bàa já. Kí ni kí n tún wò kí n tó fi ránṣẹ́ sí PCGS, iléeṣẹ́ tó máa ń yẹ owó wò bóyá ojúlówó ni?