Àṣìṣe inú kernel Linux: ibi tó ń fara pamọ́ sí, àti bí a ṣe ń tún un ṣe láìba nǹkan mìíràn jẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ibí yìí ni kí á kó ìrírí jọ sí lórí títún kernel Linux (ọkàn ètò tó ń darí ẹ̀rọ) ṣe: àṣìṣe tó ń dá kọ̀ǹpútà dúró lójijì, àti kóòdù wúruwùru tó yẹ ká tò dáadáa. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ dá sí i sọ ohun tí ẹlòmíì lè tẹ̀ lé lórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Màá bẹ̀rẹ̀ láti orí kíka oops, ìyẹn ìròyìn tí kernel ń tẹ̀ jáde nígbà tí ó bá kú, torí ọ̀pọ̀ ló ń sáré ṣí kóòdù láìtíì ka ohun tí kernel fúnra rẹ̀ sọ.

Ẹ wo ìlà méjì yìí:

    BUG: kernel NULL pointer dereference, address: 0000000000000018
    RIP: 0010:foo_probe+0x4a/0x1b0

Àdírẹ́sì yẹn kì í ṣe òdo, 0x18 ni. Pointer (àdírẹ́sì ibì kan nínú mẹ́mọ́rì) tó yẹ kó tọ́ka sí struct kan (àkójọ dátà) ló ṣófo, kóòdù sì fẹ́ mú ohun tó wà ní báìtì 24 nínú struct náà. Ẹ fi `pahole -C foo_dev vmlinux` wo bí wọ́n ṣe to struct yẹn; vmlinux ni fáìlì kernel tí ẹ kọ́. Orúkọ ohun tó bá wà ní báìtì 24 ló máa sọ pointer tí a ń wá fún yín. Ní ti ìlà kejì, 0x4a ni ibi tó kú sí láti ìbẹ̀rẹ̀ function, 0x1b0 sì ni gígùn function náà lápapọ̀. `scripts/faddr2line vmlinux foo_probe+0x4a/0x1b0` á fún yín ní nọ́ńbà ìlà rẹ̀ gan-an, bí ẹ bá tan debug info nígbà tí ẹ ń ṣe build.

Bí 6b6b6b6b bá kún inú àdírẹ́sì tàbí register, mẹ́mọ́rì tí wọ́n ti dá padà ni kóòdù ṣì ń lò. Ẹ gbọ́dọ̀ fi `slub_debug=P` bẹ̀rẹ̀ kernel kí àmì yẹn tó lè yọjú. Bí ẹ bá rí dead000000000100, ohun kan tí wọ́n ti yọ kúrò nínú list ni ẹnìkan tún ń yọ lẹ́ẹ̀kejì, tàbí tó ṣì ń rìn lórí rẹ̀. Lórí x86-64, àwọn méjèèjì sábà máa ń jáde bíi general protection fault, kì í ṣe bíi NULL pointer, nítorí náà ẹ má wulẹ̀ wá ọ̀rọ̀ NULL nìkan nínú dmesg, àkọsílẹ̀ kernel.

Oops àkọ́kọ́ nìkan ni kí ẹ gbà gbọ́. Bí lẹ́tà D bá wà lára Tainted, kernel ti kú lẹ́ẹ̀kan ṣáájú èyí tí ẹ ń kà. Ẹ yí sókè lọ wá ti àkọ́kọ́. Nínú Call Trace, ìlà tó bá ní àmì ìbéèrè níwájú kò dájú, ó lè jẹ́ àlòkù ohun tó wà lórí stack tẹ́lẹ̀.

*

Ẹ ṣeun, ọ̀gá mi. Èmi á mú ọ̀rọ̀ náà lọ sí ibi tí mo gbà pé àṣìṣe pọ̀ sí jù nínú driver (kóòdù tó ń darí ẹ̀rọ kan): ọ̀nà àbọ̀, ìyẹn apá kóòdù tó ń tú ohun tí a ti gbà sílẹ̀ nígbà tí ìgbésẹ̀ kan bá kọ̀. Kóòdù yìí kì í sábà ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí àṣìṣe fi lè jókòó sínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bó ṣe yẹ kó rí rè é:

    ret = clk_prepare_enable(p->clk);
    if (ret)
            return ret;

    irq = platform_get_irq(pdev, 0);
    if (irq < 0) {
            ret = irq;
            goto err_clk;
    }

    ret = request_irq(irq, foo_isr, 0, "foo", p);
    if (ret)
            goto err_clk;

    ret = foo_register(p);
    if (ret)
            goto err_irq;

    return 0;

    err_irq:
            free_irq(irq, p);
    err_clk:
            clk_disable_unprepare(p->clk);
            return ret;

Ohun tí a gbà kẹ́yìn là ń kọ́kọ́ tú. Ẹ wá wo bó ṣe ń bàjẹ́. Ẹnìkan á fi ìgbésẹ̀ tuntun há àárín, á sì kọ `return ret` lásán dípò `goto`. Clock á wà ní títàn títí ayé. Tàbí kó kọ `goto err_clk` láìfi nǹkan kan sínú `ret`. Òdo ṣì wà níbẹ̀ láti ìgbésẹ̀ tó ṣàṣeyọrí ṣáájú, nítorí náà probe (function tó ń gbé driver dìde, tí kóòdù òkè yìí wà nínú rẹ̀) á sọ fún kernel pé gbogbo nǹkan dára, ẹ̀rọ kò sì ní kú títí di ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ yọ driver náà. Ibi tó kú sí á wá jìnnà pátápátá sí ibi tí àṣìṣe wà.

Ti `irq`, nọ́ńbà interrupt (ìpè tí ẹ̀rọ fi ń pe àfiyèsí CPU), ló tún burú jù. Bí wọ́n bá kéde rẹ̀ ní `unsigned int`, `irq < 0` kò lè jẹ́ òótọ́ láé. Bí platform_get_irq bá dá -EPROBE_DEFER padà, ìyẹn pé kí kernel padà wá dán an wò tó bá yá, iye yẹn á di nọ́ńbà gàgàrà, request_irq á kọ̀ ọ́ pẹ̀lú -EINVAL, kernel á sì gbà pé ẹ̀rọ náà kò ṣeé lò. Kò ní padà wá mọ́. Ẹni tó ń lò ó á máa sọ pé "nígbà mìíràn ó ń ṣiṣẹ́, nígbà mìíràn kì í ṣiṣẹ́", torí èyí tó bá kọ́kọ́ jí nínú àwọn driver ló ń pinnu rẹ̀. `int irq` ni àtúnṣe rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Méjì mìíràn tó yẹ ká máa fojú wá: kzalloc ń dá NULL padà, àmọ́ devm_clk_get ń dá ERR_PTR (nọ́ńbà àṣìṣe tí wọ́n fi sínú pointer) padà, nítorí náà `if (!p->clk)` kò lè mú àṣìṣe kankan níbẹ̀, `IS_ERR(p->clk)` ló yẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni copy_from_user ṣe ń dá iye báìtì tí kò rí gbé padà, kì í ṣe nọ́ńbà àṣìṣe. Ẹni tó bá dá iye yẹn padà sí userspace (ètò tó pe kernel) tààrà ti sọ fún un pé iṣẹ́ lọ dáadáa. -EFAULT ni kẹ́ ẹ dá padà.

*

Ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe máa dán ọ̀nà àbọ̀ yẹn wò nígbà tí kì í sábà ṣiṣẹ́?

*

Ẹ fi ọwọ́ ara yín mú kí ó kọ̀. Ẹ tan CONFIG_FAULT_INJECTION, CONFIG_FAULT_INJECTION_DEBUG_FS àti CONFIG_FAILSLAB, kẹ́ ẹ sì fi KASAN (tó ń mú ìlò mẹ́mọ́rì tí kò tọ́) àti kmemleak (tó ń wá mẹ́mọ́rì tí wọn kò dá padà) kún un. Ohun tó ń dí ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ ni pé failslab (tó ń mú kí gbígba mẹ́mọ́rì kọ̀) kì í fọwọ́ kan GFP_KERNEL (gbígba mẹ́mọ́rì tó lè sùn) bí ẹ kò bá sọ fún un, bẹ́ẹ̀ GFP_KERNEL ni probe ń lò jù:

    echo N > /sys/kernel/debug/failslab/ignore-gfp-wait

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ètò C kékeré kan. Kó kọ́kọ́ ṣí fáìlì `bind` ti driver náà lábẹ́ /sys/bus/platform/drivers, torí ṣíṣí fáìlì fúnra rẹ̀ ń gba mẹ́mọ́rì. Kó wá kọ 1 sínú fail-nth ti thread ara rẹ̀ lábẹ́ /proc, kó kọ orúkọ ẹ̀rọ náà sínú `bind`, kó sì ka fail-nth padà. Bó bá ka òdo, ìkọ̀sílẹ̀ náà ti wáyé. Ẹ lọ sí 2, sí 3, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá ka nọ́ńbà tó ju òdo lọ, gbogbo ibi tí probe ti ń gba mẹ́mọ́rì ti tán, ẹ ti dé òpin. Ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ driver náà bó bá wọlé, kẹ́ ẹ sì kọ `scan` sínú /sys/kernel/debug/kmemleak lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ láàárín, torí kì í ka ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà.

Inú QEMU (ẹ̀rọ àfarawé) ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kì í ṣe orí ẹ̀rọ tí iṣẹ́ yín wà.

*

Lórí KASAN: àwọn kan kì í tàn án torí ó ń gba ìdá kan nínú mẹ́jọ mẹ́mọ́rì fún àkọsílẹ̀ tirẹ̀, kernel sì ń falẹ̀. Èrè rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìròyìn use-after-free (lílo mẹ́mọ́rì tí wọ́n ti dá padà) rẹ̀ ní apá mẹ́ta: ibi tí wọ́n ti lo mẹ́mọ́rì náà, ibi tí wọ́n ti gbà á, ibi tí wọ́n ti dá a padà. Apá kẹta ni kẹ́ ẹ kà jù, torí níbẹ̀ ni àtúnṣe sábà máa ń wà.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni function `remove` tó dá struct padà nígbà tí work kan (iṣẹ́ tí wọ́n sún síwájú) ṣì wà lórí ìlà. Ẹnìkan á ní kí wọ́n pe cancel_work_sync kí kfree tó wáyé, ó sì tọ̀nà, àmọ́ kò tíì tó. Bí interrupt tàbí timer bá ṣì wà láàyè, ó lè tún fi work náà sórí ìlà lẹ́yìn tí ẹ ti fagi lé e. Ẹ kọ́kọ́ pa orísun rẹ̀, ìyẹn free_irq tàbí ìdádúró timer, lẹ́yìn náà cancel_work_sync, kfree kẹ́yìn. Bí work náà fúnra rẹ̀ bá tún ń tan timer, ẹ nílò àmì kan nínú struct tó ń sọ pé "a ti ń lọ", kí ẹnikẹ́ni má bàa tún tan nǹkan kan.

Fífi `if (p != NULL)` síbẹ̀ kì í ṣe àtúnṣe. Pointer tí wọ́n ti dá padà kì í di NULL fúnra rẹ̀.

*

Ọ̀rọ̀ lock ní ṣókí. "sleeping function called from invalid context" túmọ̀ sí pé kóòdù fẹ́ sùn níbi tí kò yẹ, bíi nígbà tó di spinlock mú (lock tí ẹni tó dì í mú kò gbọ́dọ̀ sùn). CONFIG_DEBUG_ATOMIC_SLEEP ló ń jẹ́ kí ẹ rí i. Ọ̀pọ̀ á yí GFP_KERNEL sí GFP_ATOMIC (gbígba mẹ́mọ́rì tí kì í sùn) lójú ẹsẹ̀. Ó ń pa ìkìlọ̀ náà lẹ́nu, àmọ́ GFP_ATOMIC lè tètè kùnà nígbà tí mẹ́mọ́rì bá há. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ gba mẹ́mọ́rì kẹ́ ẹ tó ti lock. Bí interrupt handler bá ń lo lock kan náà, spin_lock_irqsave ni kí ìyókù kóòdù lò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ interrupt á wọlé lórí CPU kan náà, á sì dúró de ẹni tí òun fúnra rẹ̀ dá dúró. Lockdep (ohun èlò kernel tó ń ṣọ́ bí a ṣe ń lo lock) máa ń rí èyí kó tó ṣẹlẹ̀, àmọ́ lẹ́yìn ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ ó ń pa ara rẹ̀ títí di ìgbà tí ẹ bá tún kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀.

*

Bí kò bá sí oops ńkọ́, tó jẹ́ pé ohun tó ń ṣiṣẹ́ ní v6.5 ló dákẹ́ ní v6.6?

*

git bisect ni: ó ń pín àwọn àtúnṣe sí méjì léraléra títí á fi rí èyí tó dá àṣìṣe sílẹ̀. Àtúnṣe tó ju 10,000 lọ sábà máa ń wà láàárín ẹ̀dà méjì tó tẹ̀ lé ara wọn, ìdánwò bíi 14 péré á sì mú yín dé orí ẹyọ kan. Ẹ fi `make localmodconfig` gé ohun tí ẹ̀rọ yín kò lò kúrò kí build má bàa pẹ́. Fún `git bisect run`, kí script yín dá 125 padà nígbà tí build bá kọ̀. Bí ẹ bá dá 1 padà, git á ka ẹ̀dà tí kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí èyí tó bàjẹ́, ibi tí kò yẹ ló sì máa gbé yín lọ.

*

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti títò kóòdù, torí ó ń dùn mí bí wọ́n ṣe ń fojú kékeré wò ó. Ìlà tó dà bíi pé kò wúlò lè jẹ́ òun ló gbé driver náà ró. Ẹ wo èyí:

    writel(0, p->base + IRQ_MASK);
    readl(p->base + IRQ_MASK);

Ẹnikẹ́ni kò lo ohun tí readl kà. Ẹni tó ń tò á fẹ́ pa á rẹ́. Lórí PCI, ohun tí writel kọ lè dúró lójú ọ̀nà kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ; kíkà padà yẹn ló ń fipá tì í dé ibẹ̀. Ẹ pa á rẹ́, handler á parí iṣẹ́ kí ẹ̀rọ tó gbọ́ pé kó dákẹ́, interrupt kan náà á tún wọlé. Bákan náà ni udelay, READ_ONCE àti àwọn barrier (àṣẹ tó ń pa ètò kíkà àti kíkọ mọ́) rí. Ẹ fi `git blame` wo àtúnṣe tó mú ìlà náà wá, kẹ́ ẹ ka àlàyé rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Bó bá jẹ́ àlàfo àti tab nìkan lẹ tò, `git diff -w` gbọ́dọ̀ ṣófo, kí `objdump -d` ti fáìlì .o ṣáájú àti lẹ́yìn sì bára mu. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ ti yí ju àlàfo lọ. checkpatch.pl, tó ń yẹ ọ̀nà ìkọ kóòdù wò, wúlò, àmọ́ kì í ṣe òfin: bí pípín ìlà kan sí méjì bá mú un ṣòro kà, ẹ fi sílẹ̀.

*

Mo fara mọ́ ẹni tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, mo sì fẹ́ fi kún un pé àtúnṣe àṣìṣe àti títò kò gbọ́dọ̀ wà nínú patch (fáìlì àtúnṣe tí a ń fi ránṣẹ́) kan náà. Ẹ̀ka stable (tó ń gbé àtúnṣe lọ sí kernel àtijọ́) kì í gba patch tó ju ìlà 100 lọ, pẹ̀lú àwọn ìlà tó yí i ká. Bí `int irq` yẹn bá wà láàárín ìlà 300 tí wọ́n tò, kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lo kernel àtijọ́. Àtúnṣe ni kó ṣáájú nínú ọ̀wọ́ patch yín, kí títò tẹ̀ lé e.

Ẹ fi èyí mú ìlà Fixes jáde, kẹ́ ẹ fi àtúnṣe tó dá àṣìṣe náà sílẹ̀ rọ́pò HASH:

    git log -1 --abbrev=12 --format='Fixes: %h ("%s")' HASH

Lábẹ́ rẹ̀, `Cc: stable@vger.kernel.org`, lẹ́yìn náà Signed-off-by yín. `scripts/get_maintainer.pl` á sọ ẹni tó yẹ kó gbà á. `git send-email` ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, torí ímeèlì HTML kò ní wọlé. Bí wọ́n bá dá a padà, `git format-patch -v2`, kẹ́ ẹ sì kọ ohun tó yí padà sábẹ́ ìlà `---`, níbi tí kò ti ní wọ inú ìtàn git.

Nínú àlàyé patch, ẹ kọ ohun tí ẹni tó ń lo ẹ̀rọ máa rí kẹ́ ẹ tó kọ ohun tí ẹ yí padà: "driver kì í bẹ̀rẹ̀ bí olùdarí interrupt bá pẹ́ kó tó jí, torí -EPROBE_DEFER ń sọnù nínú unsigned". Maintainer (olùtọ́jú kóòdù náà) tó bá ka ìlà yẹn kò tún ní láti bi yín ìdí tí stable fi nílò rẹ̀.